Gbodo Ìyá Àgbà Lórí Afárá Odò Olókùúta

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹlòmíràn ló ń bá mi gbé garawa omi lé orí, afárá tí a ní lórí odò Olókùúta kò ju ìtì ọ̀pẹ mẹ́ta lọ. Àwọn ọkùnrin abà wa, Ìdí-Orógbó, ló gé wọn, tí wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì fi okùn igbó dì wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè Akínyẹlé tàbí Lágelú, mo mọ̀ pé n kò ní láti ṣàlàyé fún yín. Ẹ mọ bí ìtì ọ̀pẹ ṣe máa ń yọ̀ tí ìrì bá sẹ̀ sí i. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ ká tó gun orí rẹ̀, tí a ó sì fi ìka ẹsẹ̀ wá ibi tí a ó dì mú. Èmi kò ní bàtà rárá, nítorí náà tèmi rọrùn díẹ̀.

Ilé-ìwé wa wà ní òdìkejì odò, lọ́nà Ìrókò. Ilé-ìwé ìjọ ni, àwa sì jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ wa jù. Tíṣà mi gbìyànjú láti máa pè mí ní Rèbékà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ró aṣọ wọn dáadáa, wọ́n sọdá lórí ìtì ọ̀pẹ, wọ́n lọ bá tíṣà sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti padà di Rábíátù. Nílé, Àbẹ̀kẹ́ ni Ìyá Àgbà ń pè mí, àfi tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n.

Iṣẹ́ Ìyá Àgbà ni gbodo ṣíṣe. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sá a sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Òórùn omi iṣu tó ti kan díẹ̀ yẹn, òun ni òórùn ìgbà èwe mi. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ọkàn mi á rọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti mú ọ̀pá lọ́wọ́, kí n máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ. Tí ewúrẹ́ bá gbé ègé kan lọ, màá kúnlẹ̀, màá kọjú sí ògiri, màá na ọwọ́ méjèèjì sókè títí Ìyá Àgbà á fi gbàgbé ohun tó ń bí wọn nínú. Wọn kì í pẹ́ gbàgbé. Ohun kan tí wọn kì í gbàgbé ni oòrùn. Wọ́n gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí oòrùn kò lè mú le, ìbáà jẹ́ iṣu, ìbáà jẹ́ ògiri alámọ̀.

Ṣùgbọ́n odò ni ìṣòro mi. Bí oṣù Agẹmọ bá ti ń wọlé, Olókùúta á kún, á gbé ìtì ọ̀pẹ lọ, àwa ọmọ Ìdí-Orógbó á sì jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ. Kí omi tó fà, àwọn tó ń gbé lódìkejì á ti kọ́ ìṣirò tí n kò gbọ́ rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sí kíláàsì kan ṣoṣo. Bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n kàn sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń mu ògì àárọ̀, pé, "Tí odò bá tún dá ọmọ yìí dúró lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn. Yóò lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Mọ́níyà." Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ aránṣọ. Àmọ́ mo fẹ́ràn ìwé, mo fẹ́ràn òórùn rẹ̀, mo fẹ́ràn bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń dún lára síléètì. Ìyá Àgbà ni wọ́n dá bàbá mi lóhùn pé, "Kò ní lọ. Ìjọba ń bọ̀ wá ṣe afárá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń bọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé lóòótọ́. Òmìnira ṣì tuntun nígbà yẹn, wọ́n ń la ọ̀nà káàkiri. Wọ́n kọ́kọ́ mọ òpó kọnkéré sí bèbè odò méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì gbé ìtì irin mẹ́rin dé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju ilé wa lọ. Wọ́n fi ṣéènì fà wọ́n láti bèbè dé bèbè, àwọn òṣìṣẹ́ ń kọrin, àwa ọmọdé sì ń bá wọn gbe orin tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń darí wọn ni fóòmáànù kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Títù, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí fìlà rẹ̀ ti fa sìmẹ́ǹtì mu títí ó fi le gbagidi. Ilé wa ló sún mọ́ odò jù, nítorí náà ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni wọ́n ti máa ń gba omi mu.

Wẹ́dà kan wá, ó ń jó àwọn irin kúkúrú mọ́ orí ìtì irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró ṣánṣán bí èèkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ká má wo iná náà. Mo wò ó. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó dà bíi pé wọ́n gún ata sí mi lójú. Ìyá Àgbà mú mi lọ bá obìnrin kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó sì fún wàrà ọmú rẹ̀ sí mi lójú. Nígbà tí ojú náà sàn tán ni wọ́n wá ní kí n kúnlẹ̀ nítorí pé mo wo iná.

Èèkàn wọ̀nyẹn kò yé ẹnikẹ́ni lábà. Ìyá Àgbà lọ dúró sí etí odò, wọ́n wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Fóòmáànù, ọmọ mi, ewúrẹ́ ta lẹ fẹ́ so síbẹ̀?" Ọ̀gá Títù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n mú pákó pẹlẹbẹ méjì, wọ́n tò ó léra, wọ́n gbé e sórí òkúta méjì, wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ̀ọ̀, mo sì rí i pé pákó òkè ń yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀, etí wọn kò bára mu mọ́. Wọ́n wá kan ìṣó mọ́ pákó méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ báyìí ló tẹ̀. "Ṣé ẹ rí i, Ìyá?" ni wọ́n wí. "Kọnkéré ni a ó dà lé orí irin yìí. Kọnkéré lè gba kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á, yóò já. Irin ló gbà kí a fa òun. Bí ọkọ̀ bá gùn ún, òkè á fún pọ̀, ìsàlẹ̀ á nà. Àwọn èèkàn yìí ló máa di àwọn méjèèjì mú kí wọ́n lè jọ gbé ẹrù náà bí ẹyọ kan." Ìyá Àgbà mi orí. Wọ́n ní ìgbéyàwó ni Ọ̀gá Títù ń ṣàlàyé yẹn.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n da kọnkéré. Gbogbo abà ló jáde. Wọ́n ń po iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ǹtì, àwọn ènìyàn sì ń gbé e kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú páànù. Ìyá Àgbà se ẹ̀wà ìkòkò méjì fún wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i pé gbogbo èèkàn náà ti bọ́ sínú kọnkéré, a kò rí ọ̀kankan mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ bo gbogbo orí afárá, wọ́n sì rin ín fún omi. Ọ̀gá Títù ní ọjọ́ méje ló gbọ́dọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìrókò lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń sinmi, wọ́n bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n bá wọn bu omi lé àwọn àpò náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà ní ó dára.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ibi tí mo ti dá sí i. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, bí a ṣe gbé omi dé etí afárá, mo bi wọ́n pé, "Ìyá Àgbà, tí ó bá tètè gbẹ, ṣé wọ́n á tètè parí rẹ̀?" Wọ́n gbé garawa sílẹ̀. Wọ́n wo oòrùn, ó ti ń ràn gan-an. Wọ́n wo àwọn àpò tó tutù rinrin. Ẹni tó ti mọ ilé alámọ̀ rí, tó mọ̀ pé ipele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e, kí ni yóò rò? Wọ́n ní, "Àwọn ènìyàn yìí ń fi iṣẹ́ ara wọn ṣòfò. Nǹkan tó yẹ kí wọ́n sá, wọ́n ń rẹ ẹ́." Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò. Wọ́n wúwo, nítorí náà apá ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni a lè ká, bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sínú afárá. Nígbà tí Ìyá Àgbà sì rí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, tó tẹ́jú, tí ewúrẹ́ kò lè dé, ọkàn wọn kò gbà kí ó ṣófo. Wọ́n rán mi lọ kó gbodo wá nílé. Kí ó tó di ìyálẹ̀ta, gbodo apẹ̀rẹ̀ méjì ti wà lórí afárá ìjọba. Inú mi dùn. Mo jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo ń wo bí ilẹ̀ náà ṣe ń funfun, mo sì ń rí ara mi ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá Títù dé, tàwọn ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi ọwọ́ ti gbodo sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yọ ìṣó kan nínú àpò aṣọ wọn, wọ́n fi ha ilẹ̀ náà. Ó ń bù jáde bí èlùbọ́. Àwọn ìlà tín-ín-rín ti là á káàkiri. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Èmi àti Ìyá Àgbà jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Èmi ni." Ọ̀gá Títù wò wá, wọ́n ní, "Ìyá, kì í ṣe gbígbẹ ló ń mú un le. Omi tó ń mu ló ń mú un le. Tí oòrùn bá gba omi lẹ́nu rẹ̀, kò ní lágbára láti di èèkàn mú, irin á wà lọ́tọ̀, kọnkéré á wà lọ́tọ̀." Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbodo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi òòlù kan ilẹ̀ náà káàkiri, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ gbogbo ibi tí oòrùn bà jẹ́ kúrò, kí wọ́n tún un dà. Ọ̀gá Títù sọ fún un pé àpò ló ṣí níbẹ̀, wọn kò sọ ẹni tó ṣí i. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ pẹ̀lú irin ẹlẹ́nu mímú, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má baà ba èèkàn jẹ́. Àmọ́ sìmẹ́ǹtì ti tán, òmíràn kò sì tètè dé. Wọ́n fi pákó dí ẹnu afárá, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ẹrẹ́nà lọ, Igbe lọ, Èbìbí náà lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba orí ìtì ọ̀pẹ kọjá, tí mo sì ń wo ihò náà, àwọn èèkàn dúró nínú rẹ̀, wọ́n ń wò mí. Òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mọ́níyà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n lọ sọ fún àbúrò wọn pé kó máa retí mi. Wọn kò bá mi wí rárá. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n nà mí.

Nígbà tí Okúdù fi ń lọ sópin ni Ọ̀gá Títù padà wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì. Wọ́n da kọnkéré sínú ihò náà, wọ́n bò ó, wọ́n sì pe èmi àti Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ìjìyà wa nìyí: àwa la ó máa fún un lómi fún ọjọ́ méje, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe adìyẹ. Ẹ ò bá rí Ìyá Àgbà. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n ti gbé garawa. Òjò á máa rọ̀ gan-an, wọ́n á ṣì máa bu omi lé e. Mo ní, "Ìyá Àgbà, òjò ń rọ̀ o." Wọ́n ní, "Ti òjò ni òjò ń ṣe. Tèmi ni mò ń ṣe."

Lọ́jọ́ kẹfà, odò kún. A jí láàárọ̀, kò sí ìtì ọ̀pẹ mọ́. Omi pupa ń hó lọ, ariwo rẹ̀ gba gbogbo abà. Lọ́jọ́ keje, bàbá mi di àpótí kékeré mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Aṣọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àti síléètì mi tí mo yọ́ fi sí i. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí lọ sí etí odò, bàbá mi sì ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wa, wọ́n ń sọ pé ọ̀nà Mọ́níyà kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá Títù wà níbẹ̀. Ẹnjiníà tó yẹ kó wá wò ó kò rí ọ̀nà gbà nítorí ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tí gbogbo abà ń kúnlẹ̀ fún kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n lè bí. Ọ̀gá Títù sáré gbé wọn dìde, wọ́n ń sọ pé, "Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá ká etí àpò kan sókè, wọ́n yọ ìṣó, wọ́n ha á. Wọ́n tún ha á. Ìṣó náà ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni, ohunkóhun kò bù. Wọ́n fa pákó kan kúrò lẹ́nu afárá, wọ́n rìn dé àárín rẹ̀, wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, tàwọn ti bàtà wúwo. "Ọkọ̀ kò tíì lè gùn ún," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò lè ṣe é ní nǹkan kan."

Mo gùn ún. Ó tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò yọ̀, kò mì. Omi ń bú ramúramù nísàlẹ̀, mo sì mọ̀ pé irin wà níbẹ̀ tó ń nà, tí kọnkéré ń fún pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí èmi. Nígbà tí mo dé àárín, mo wẹ̀yìn. Bàbá mi ń tú okùn àpótí. Wọ́n mú síléètì jáde, wọ́n gbé e wá fún mi fúnra wọn, wọ́n sì ní, "Yára. Má jẹ́ kí agogo lù bá ọ lójú ọ̀nà." Ẹkún tí mo sun títí dé ilé-ìwé, tíṣà rò pé ẹnìkan kú nílé wa.

Mo jáde ìwé mẹ́fà, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, mo di tíṣà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ìyá Àgbà kò yéé fún afárá náà lómi. Bí wọ́n bá ti ń pọn omi bọ̀ láti odò, wọ́n á yà síbẹ̀, wọ́n á ta díẹ̀ sí ibi tí wọ́n tún dà, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ní ìsinmi kan, èmi tí mo ti kàwé, mo ṣàlàyé fún wọn pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, pé kò nílò omi mọ́. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Mo mọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ náà ti ń gbowó oṣù, o ti ń fọwọ́ ara rẹ sebẹ̀. Ṣé mo wá dẹ́kun àtimáa bu oúnjẹ tìrẹ pamọ́ dè ọ́ ni?" Oúnjẹ náà wà nínú àwo lóòótọ́, wọ́n ti fi omi ọbẹ̀ sí i lórí kó má baà gbẹ.

Ayé ti yí báyìí. Kò sí ọmọ tí odò Olókùúta ń dá dúró mọ́. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ń bá kọjá, mẹ́ta lórí ẹyọ kan, wọn kì í tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Nígbà tiwa, a máa ń jókòó sílé nítorí omi, a sì máa ń sunkún. Tiwọn, wọ́n ní kí òjò rọ̀ kí ilé-ìwé lè sinmi. N kò bínú sí wọn. Ohun tí wọn kò mọ̀, nítorí pé a jìyà rẹ̀ tán ni wọn kò ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn ìtì irin yẹn ti ní ìpẹtà díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n lọ́rì ṣì ń gun afárá náà, ibi dúdú yẹn kò sì là.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọmọ ọmọ mi lọ sí Ìdí-Orógbó. Mo ní kó dá ọkọ̀ dúró sí etí afárá. Mo sọ̀kalẹ̀, mo já omi inú ọ̀rá tí mo rà lójú ọ̀nà, mo sì dà á sí ibi tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ó na ọrùn jáde, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe síbẹ̀? Ṣé ó nílò omi ni?" Mo ní rárá, kò nílò rẹ̀. Mo dúró títí omi náà fi gbẹ, kí n tó padà wọ ọkọ̀.